Àṣìṣe Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ohun tó kọ́kọ́ mú Lorelle Pettiford fura ni pé wọ́n fún un ní ìwé náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gbé ní Linfield fún ọdún mẹ́rìnlélógún, tó sì tún jẹ́ ọmọ Pettiford, mọ̀ pé gbọ̀ngàn ìlú kì í fúnni ní nǹkan wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí igi ìlú wó lu ọgbà bàbá àgbà rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wá ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gé e kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tó béèrè ìwé eré bésíbọ́ọ̀lù ti ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ gíláàsì, láti ọdún 1955 sí 1958, Glenda Vossberg tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ pápá ìṣeré rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní, "Gbé e lọ, ọmọ mi. Inú páálí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà." Bí onílé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àlejò tí kò fẹ́ràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti palẹ̀ ilé mọ́. Lorelle gbé páálí náà sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì dúpẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ pápá ìlú ní orúkọ ẹni tó mọ bésíbọ́ọ̀lù gbá jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá Linfield sílẹ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ títí, ó ku méjì. Ọ̀kan ni Denny Krause, tó gbá fún ìlú láti 1973 sí 1976, tó dé líìgì ńlá fún sáà kan àtààbọ̀ kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀, tó sì ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Èkejì ni Ezell Pettiford, bàbá tó bí bàbá Lorelle, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà nígbà tirẹ̀. Dókítà ti sọ fún Lorelle ní kọ̀rọ̀ pé ọkàn bàbá náà kò ní rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì mọ́. Ohun tí Lorelle fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí bàbá àgbà fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá náà.

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wà yìí.

Láràárọ̀, ní agogo méje, Lorelle a máa wa bàbá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù dónọ́ọ̀tì ní òpópónà kẹta, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ní tábìlì tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin mẹ́ta ló ku síbẹ̀ nínú àwọn mẹ́jọ ìgbà kan. Bàbá àgbà ni àkọ́kọ́. Wendell Frick ni èkejì, ẹni tó fi ogójì ọdún gẹ irun ní ìlú náà kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà sì wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ̀yìn Krause ló wà. Ẹ̀kẹta ni Harlan Marlier, òyìnbó tó fi ọdún kan kéré sí bàbá àgbà, tó ti wọlé jẹun nílé àwọn Pettiford láìmọye ìgbà. Kò sí ẹni tó ń pariwo Ezell bíi Harlan ní gbogbo ìpínlẹ̀ Indiana.

"Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa," ni Frick wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣúgà dónọ́ọ̀tì funfun ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Àwọn wo ló ń ju bọ́ọ̀lù sí Ezell? Àwọn tó fọn gíláàsì látàárọ̀, tí wọ́n wá fi apá tó ti kú ju bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Àwọn tó ń jù ú sí Denny, bọ́ọ̀lù wọn ń súfèé!"

"Ẹ̀fúùfù ẹnu rẹ lò ń gbọ́," ni Harlan dáhùn. "Hòtẹ́ẹ̀lì kò gba Ezell sílé nílùú Muncie. Inú ọkọ̀ ló sùn, ó ká ẹsẹ̀ kò bí adìẹ tó ń sàba. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá ọgbà. Denny tìẹ, bí ìrọ̀rí bá le jù, kò ní lè dìde."

"Nígbà náà, ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó kejì ń fa sìgá lẹ́nu iṣẹ́! Ṣé èyí ni wàá fi wé ìgbà Denny?"

"Ó ń fà á, bọ́ọ̀lù Ezell sì ń pa iná rẹ̀."

Bàbá àgbà mi orí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ n mu kọfí mi kó tó tutù. Mo ṣì wà láyé o. Ẹ ń sọ̀rọ̀ mi bíi pé ẹ ti sin mí."

"A ò tíì sin ọ́," ni Frick wí, "àmọ́ nọ́ńbà ti sin ọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí Denny mú igi dání ní pápá yìí, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló yege. Ìwọ, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà ò lójú, kò mọ aláwọ̀ kankan."

Ohun tí Lorelle ń ṣọ́ láti ọjọ́ mélòó kan ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí Frick bá ti dárúkọ nọ́ńbà, Harlan a dákẹ́. Ẹni tó lè fi wákàtí kan jà lórí bí igi ṣe wúwo tó ní ọdún 1956, bí ọ̀rọ̀ bá kan nọ́ńbà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí ife rẹ̀ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ já síbẹ̀. Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan ejò nínú, Lorelle kò kàn tíì rí ìrù rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ nọ́ńbà ló kà jáde ní yunifásítì, kò sì tíì ríṣẹ́ ṣe. Nítorí náà ó ní àsìkò, ó sì ní sùúrù tí ìbínú máa ń fún ènìyàn bó bá ti tutù. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin ka ìwé eré náà láti ojú ewé dé ojú ewé. Ìwé eré bésíbọ́ọ̀lù kì í purọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Aṣọ́pápá kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń dúró mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá, ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù ló sì ní àmì. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ojú lásán kò lè fúnni, àyàfi ìdájọ́. Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù, tó sáré dé ibùdó kìíní, ibi àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn, láìséwu, akọ̀wé eré tó jókòó lórí àga gíga ni yóò pinnu: ṣé agbábọ́ọ̀lù ló gbá a dáadáa, àbí aṣọ́pápá ló yẹ kó mú un tó sì kùnà? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, yóò kọ "àgbáyege," iyì agbábọ́ọ̀lù yóò sì ga. Bó bá jẹ́ ti èkejì, yóò kọ "àṣìṣe," agbábọ́ọ̀lù náà yóò sì dà bí ẹni tí kò gbá nǹkan kan. Ọkùnrin kan, pẹ́ńsù kan. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan lókè rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni Ezell Pettiford mú igi dání ní pápá náà láàárín ọdún mẹ́rin. Àgbáyege mẹ́rìndínlógóje ló wà lórúkọ rẹ̀. Àwọn aṣọ́pápá ìlú mìíràn sì ti ṣe àṣìṣe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lórí bọ́ọ̀lù tó gbá. Lorelle ka ti àwọn mẹ́jọ yòókù nínú ẹgbẹ́ náà, òyìnbó ni gbogbo wọn. Ó kó ti àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ fún ọdún mẹ́rin náà. Mọ́kànlélógún.

Ó tún un kà. Mọ́kànlélógún fún ènìyàn mẹ́jọ, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún ẹnì kan. Kò sí ọ̀nà tí oríire tàbí oríburúkú fi lè pín nǹkan báyìí. Àwọn ọkùnrin tó ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹni já èso ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ṣé ìgbà tí Pettiford bá gbá a nìkan ni ọwọ́ wọn máa ń rọ ni?

Ó gbé e lọ bá Glenda. Obìnrin náà ka ìwé tó kọ, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Iṣẹ́ tó dáa ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ohun tí akọ̀wé eré bá kọ, akọ̀wé eré nìkan ló lè yí i padà. Èmi ò lè ṣe é, ìgbìmọ̀ ò lè ṣe é. Ta sì ni akọ̀wé náà? Kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan. Ó ti tó ọdún márùndínláàádọ́rin." Ó sì tún rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ yé Lorelle. Wọn kò palẹ̀ ilé mọ́ rárá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn nítorí wọ́n rò pé òkú ni ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí Lorelle kò fura sí. Ó fura sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gíláàsì ayé ọjọ́un: bóyá kò fẹ́ kí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún líìgì ńlá rí Ezell gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fura sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ó tú páálí náà dé ìsàlẹ̀, ó ń wá lẹ́tà, ìwé àṣẹ, ìfọwọ́sí ẹnì kan tó jókòó sí ọ́fíìsì tó sì pàṣẹ. Ó dá a lójú pé ó wà níbì kan. Irú nǹkan báyìí kì í ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó rán ni níṣẹ́.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Frick tún fi nọ́ńbà tọ́ Harlan níjà.

"Gbogbo ariwo rẹ, Harlan, mi ò tíì rí nọ́ńbà kan lẹ́nu rẹ rí. Mú ẹyọ kan wá. Ẹyọ kan péré!"

Harlan wo ìdí ife. Ó jọ pé ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Ó fa ìnuwọ́ bébà kan sọ́dọ̀, ó yọ pẹ́ńsù, ó sì kọ nọ́ńbà kan gàdàgbà. "Iye ibùdó tí Ezell jí nìyẹn, tó sáré gbà mọ́ wọn lójú. Sọ fún Denny rẹ kó bá mi dé ìdajì rẹ̀."

47 ló kọ. Ó sì fa ìlà sí ọrùn méje náà.

Lorelle tó jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ wo bébà náà. Kò sí ẹni tó ń fa ìlà sí ọrùn méje ní Linfield. Gbogbo ìgbà tí aṣọ́pápá keje bá mú bọ́ọ̀lù nínú ìwé eré náà, láti ojú ewé kìíní dé ìparí, ìlà wà lọ́rùn méje náà. Mẹ́tàdínláàádọ́ta náà pẹ̀lú: ìwé ìròyìn kankan kò kọ ọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á jọ láàná.

"Baba Harlan," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga, "méje yín mà dára o. Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá mi. Belgium ni wọ́n ti wá, àwọn tó wá fọn gíláàsì. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún nìyẹn."

"Ní ilé-iṣẹ́ gíláàsì náà, iṣẹ́ wo lẹ ṣe?"

"Ìdìgò ni. Èmi ni mò ń fi koríko di ìgò sínú àpótí."

"Ní ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ní ọjọ́ Àìkú?"

Ojú Harlan kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára Ezell. Bàbá àgbà ń ro ṣúgà nínú kọfí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í fi ṣúgà sí kọfí.

Nínú ọkọ̀, Lorelle kò tan ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ mọ̀."

"Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù mọ ohun tó gbá," ni bàbá àgbà dáhùn. "Mo gbá a ní ọjọ́ Àìkú, mo ka ìwé ìròyìn ní ọjọ́ Ajé. Mo sì ń rí ẹni tó wà lórí àga."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń bá a jẹun láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú? Ìyá àgbà ń bu ọbẹ̀ fún un!"

"Ìyá àgbà rẹ náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi bu ẹran sí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lorelle, ọkùnrin tó bá ń pariwo báyẹn nítorí mi láràárọ̀, nǹkan kan ń bẹ lọ́fun rẹ̀. Mo ń retí kó pọ̀ ọ́."

"Ọdún márùndínláàádọ́rin, Baba àgbà?"

"Mi ò sọ pé ó yá lọ́wọ́."

Lorelle lọ sílé Harlan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò wọlé. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ti sọ fún un pé ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn ìlú. Harlan ní òun máa wá. Kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ kó wá ṣe. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn, Lorelle gbọ́ tó gbé fóònù.

Nígbà tí ọjọ́bọ̀ dé, ìwé kan ti wà lórí tábìlì ìgbìmọ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ nigín-nigín. Àwọn méje tó jẹ́ ìgbìmọ̀ ti jókòó, Frick wà lápá òsì. Harlan jókòó níwájú wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ezell àti Lorelle, ó wọ kóòtù ìsìnkú. Glenda ti ìwé náà síwájú Ezell.

"Ọ̀rọ̀ ti yanjú," ni ó wí. "Arákùnrin Marlier ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún mi. Ó máa fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n á di àgbáyege. Àádọ́sàn-án nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. O ti kọjá Krause pátápátá, Ezell. Ẹ kú oríire."

Ohun tí Lorelle ń wá ló jókòó sórí tábìlì yìí, ìfọwọ́sí kan péré ló kù. Ó sì tún jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀.

"Ẹ jẹ́ n kà á fún un kó gbọ́." Ó kà á ketekete: "'Nítorí àìtó ìmọ́lẹ̀ àti ìkánjú tó máa ń bá iṣẹ́ irú èyí rìn, àwọn àṣìṣe kan wáyé nínú àkọsílẹ̀...'" Ó dúró. Kò sí ènìyàn kankan nínú gbólóhùn náà. Àwọn àṣìṣe wáyé, bí òjò ṣe ń wáyé.

"Àìtó ìmọ́lẹ̀?" ni bàbá àgbà wí. "Agogo méjì ọ̀sán la máa ń gbá a ní ọjọ́ Àìkú. Oòrùn máa ń fẹ́ yọ ojú wa."

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, Ezell," ni Glenda wí. "Ohun tó ṣe pàtàkì ni orúkọ rẹ."

"Ṣí ìwé eré, Lorelle. Kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ohùn Glenda le díẹ̀. "Ọgbọ̀n lo nílò kó o tó kọjá Krause. Bó bá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yin méjèèjì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ ti pinnu pé bó bá dọ́gba, ẹni tó dé líìgì ńlá ló ni ín. Mẹ́rin péré lo lè pàdánù. Ṣé o fẹ́ ta tẹ́tẹ́ ni?"

Lorelle mọ iye náà ju Glenda lọ. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí bàbá àgbà. "Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kà á," ni bàbá àgbà dáhùn.

Ó kà á. "Ọjọ́ kẹjìlá oṣù kẹfà, 1955. Ìpele kẹta. Àṣìṣe aṣọ́pápá kẹfà."

Harlan nu ẹnu. "Àgbáyege."

"Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ìpele kìíní. Aṣọ́pápá karùn-ún."

"Àgbáyege."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ní ẹ̀kẹsàn-án, Harlan ní, "Èyí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́," bàbá àgbà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, Harlan ti sọ pé àgbáyege nígbà tí bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè.

"Rárá. Fi ìyẹn sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn rọ̀ bí ẹyin. Ìyá Frick ìbá mú un."

"Fi ìyá mi sílẹ̀ o!" ni Frick wí.

Lorelle fi ẹsẹ̀ ta bàbá àgbà lábẹ́ tábìlì. Bàbá náà gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò.

"Èmi ni mo ní kó jẹ́ àgbáyege, Ezell," ni Harlan bẹ̀ ẹ́. "Gbà á."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wù ọ́ ni pẹ́ńsù rẹ tún fẹ́ kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó o sọ."

Ní ẹ̀kejìlélógún, bọ́ọ̀lù náà tún já bọ́ lóòótọ́. Ní ọgbọ̀n náà, bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ti lọ. Lorelle ka ẹ̀kọkànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀kejìlélọ́gbọ̀n, ẹ̀kẹtàlélọ́gbọ̀n. Àgbáyege ni gbogbo wọn. Ẹyọ kan ló kù.

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, 1958. Ìpele kẹjọ. Aṣọ́pápá kẹfà."

Harlan wo ewé náà.

"Ọjọ́ tí ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù ti Chicago wá nìyẹn," ni bàbá àgbà wí. "Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ó yọjú wo ìwé rẹ kó tó lọ."

"Mi ò rántí bí bọ́ọ̀lù náà ṣe lọ," ni Harlan wí.

"Èmi rántí. Ó gba apá òsì rẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ fi ìka kàn án. Ohun tí ènìyàn kò fọwọ́ kàn, báwo ló ṣe máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Lorelle ti ìwé náà pa dé ìdajì. Kò lè dúró mọ́. "Ta ló rán yín? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ṣé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni? Ta ló ní kí ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Harlan gbójú sókè. Ó dà bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ọmọ mi. Ó ṣe mí bíi pé ká ní ẹnì kan rán mi, ǹ bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Mo jókòó síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù á kọjá. Bó bá jẹ́ Walt, òyìnbó kan nínú ẹgbẹ́ wa, ló gbá a, màá ní, áà, ó gbá a dáadáa. Bó bá jẹ́ Ezell, màá ní, kí ló ṣe aṣọ́pápá yìí, kí ló dé tí kò mú un? Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, mo sì ń kọ ọ́. Nígbà tí sáà kìíní parí, mo ka gbogbo rẹ̀ jọ, mo rí i." Ó na ìka sí ìwé eré náà. "Mo rí i. Nígbà tí sáà kejì bẹ̀rẹ̀, mo ń kọ ọ́ lọ."

Lorelle ti múra ìbínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọ́fíìsì, tó ní ìwé àṣẹ àti òǹtẹ̀. Ó wá a dé ìsàlẹ̀ páálí. Ẹni tó bá níwájú rẹ̀ ni ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan lórí àga gíga, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì nílò àṣẹ. Èyí burú ju ohun tó fura sí lọ. Àṣẹ ṣeé fagi lé.

"Ẹ̀kẹrìnlélọ́gbọ̀n," ni bàbá àgbà wí. "Kí ni?"

"Àgbáyege," ni Harlan wí.

Mẹ́rìndínláàádọ́sàn-án. Lorelle kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún un kọ. Frick na ọwọ́ sókè, ó ń kùn pé afọngíláàsì ni afọngíláàsì ń jẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni nọ́ńbà. Ọwọ́ àwọn yòókù tẹ̀lé tirẹ̀. Glenda kéde pé láti òní lọ, Pápá Ezell Pettiford ni. Ó fa ìwé tí wọ́n tẹ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí Arákùnrin Marlier kàn fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè lọ sílé lọ jẹun.

Bàbá àgbà gbé ọwọ́ lé ìwé náà. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kọ wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò tún wọn kọ."

Lorelle tẹ́ ìwé eré náà síwájú Harlan, ó ṣí i sí oṣù kẹfà ọdún 1955. Harlan fa ìlà sórí àṣìṣe kìíní, ó kọ àgbáyege sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún àti ọjọ́ òní. Lorelle ṣí ewé. Ó tún kọ. Kò sí ẹni tó dìde. Lẹ́yìn ẹ̀kejìlá, pẹ́ńsù náà bọ́, Harlan sì ń fi ọwọ́ òsì ra ọwọ́ ọ̀tún.

"Ọwọ́ ń dùn mí, Ezell."

"Sinmi díẹ̀," ni bàbá àgbà wí. Ó mú pẹ́ńsù náà nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ padà. "Méjìdínlógún ló kù."